Bí Mo Ṣe Sọ Táyé Yín Di Ọkọ Ọlọ́kọ

                                                            Àdúgbò Koko,
                                                            Bouaké,
                                                            Côte d'Ivoire.
                                                            Ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Aaliyah,

Báwo ni ọyẹ́ ṣe ń ṣe yín lọ́hùn-ún? Ṣé orúnkún rẹ tí o ní ó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ti gbọ́ oògùn? Aaliyah ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń sùn kí àwọn àgbà náà lè sùn? Mo rí fọ́tò rẹ̀, iwájú orí rẹ ló gbé wá sáyé, kí Ọlọ́run bá wa wò ó. Àwa náà wà níbí, ètè gbogbo wa ti ń là, eruku ti gba ilé. Ràhmán ti padà sí ẹnu iṣẹ́ ní Abidjan. Ara Bàbá Ràhmán le. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ọ pé inú ilé wa dùn lásìkò yìí, irọ́ ni mo pa, irọ́ ló sì kó bá mi tí mo fi mú bíírò.

Bí Àwáàlù bá ti gbé ẹrù kékeré tí mo fi rán an fún ọ, jọ̀wọ́, má tíì tú u. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o ka lẹ́tà yìí tán ná. Mo mọ̀ ọ́, láti ilé ìwé lo ti máa ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ kí wọ́n tó lu agogo aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ní sùúrù. O sì máa fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí mo ti máa ń ṣe. Ohùn orí fóònù ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìwé ni mo fọkàn tán báyìí, ẹni tí mo kọ ọ́ sí ni yóò kà á.

Ọ̀rọ̀ Táyé yín ni. Ère Táyé tí o gbé lé mi lọ́wọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, lọ́jọ́ tí ẹ ń sá fún ogun, tí o ní bí o bá gbé e dání, o ò mọ ohun tí àwọn tó ń tú ẹrù lójú ọ̀nà máa rò. O ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà tọ́jú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù, ìwọ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Kó lè yé ọ, ó di dandan kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. O kò bá wa ṣe é rí, ìwọ lo tilẹ̀ sọ wá ní ẹgbẹ́ ọmọláńgidi, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wa lára. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1989 ni. Bàbá Hàmídù tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ọjà ńlá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ní oníbàárà kan tó jẹ́ olùkọ́ ará Faransé. Òyìnbó náà gbé àkàrà òyìnbó ribiti kan fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní galẹ́ẹ̀tì. Àṣà àwọn Faransé ni pé lóṣù náà, wọn a fi ère tíńtín kan tí kò ju ọmọ ẹ̀wà lọ pamọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì bá a nínú tirẹ̀ ni ọba ọjọ́ náà. Òyìnbó yìí kò ṣàlàyé, ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá Hàmídù gé e jẹ, eyín wọn kan kán, ni wọ́n bá tu ènìyàn kékeré funfun kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní ojú, ó ní imú, ó káwọ́ gbera. Kí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa rò? Wọ́n ní ayé ti fi àsàsí ránṣẹ́ sí àwọn nínú búrẹ́dì.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ààfáà fi ń ṣe àdúà lé ère yẹn lórí nínú ìkòkò tí wọ́n dé lójú. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Hàmídù kó ọkùnrin mẹ́ta lẹ́yìn, ó di ilé búrẹ́dì. Wọ́n ní ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Nígbà tó gbádùn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ irú ère bẹ́ẹ̀ fún wọn láti fi bẹ̀ wọ́n: ẹja, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, obìnrin tó ru omi. Bàbá Hàmídù kó wọn sínú agolo tábà. Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kìn-ín-ní ọdún kejì dé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ ra galẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ wá inú rẹ̀ bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja. Ojú tì wọ́n láti sọ ìtàn yìí nígbà ayé wọn. Ọdún tí wọ́n máa kú ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì fi ihò eyín náà hàn mí.

Àwa mìíràn tó fẹ́ràn ère dara pọ̀ mọ́ wọn, báyìí la ṣe di ẹgbẹ́. Sàkàrìyáù ń kó àwọn ère idẹ kéékèèké tí àwọn ará ibí fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́ jọ, ọ̀nì, akàn, àgbà tó jókòó sórí àpótí. Èmi ń kó ère amọ̀ tí àwọn obìnrin Katiola ń mọ. Ẹnì kan wà tó ń kó ike tí wọ́n ń fi sínú ohun jíjẹ ọmọdé, a sì jà lórí ìyẹn fún odidi ọdún kan, bóyá ike náà ń jẹ́ ère. A lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, akọ̀wé wọn sì kọ ọ́ bí Faransé ṣe ń kọ nǹkan, láìsí àmì lórí rẹ̀: EGBE ERE. Àwọn obìnrin ọjà kà á sí èrè, mẹ́ta nínú wọn wá bi mí ìgbà tí a máa ń pín in. Àwọn ọmọ ilé ìwé kà á sí eré, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí nìkan ló kà á bó ṣe tọ́, ibẹ̀ sì ni ìjọ̀gbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2005 ni. O ti lọ nígbà náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló ń darí ìlú, ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà a máa ń wá ohun tó máa sun níná. Ọ̀rọ̀ lọ kálẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago níbí pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń bọ òrìṣà lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ránṣẹ́ ní ọjọ́rú pé ọkùnrin mẹ́ta máa wá yẹ àpótí wa wò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ní ohun tó bá jẹ́ ti àwọn onílùú, tí a kàn ń wò lójú, kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n bí ohun tí àwọn baba wa ń bọ bá wà níbẹ̀, iná ni. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Bàbá Ràhmán, ọkọ mi.

Èmi ni akọ̀wé. Ọwọ́ mi ni ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà, inú rẹ̀ ni mo sì ti kọ ọ́ ní kedere pé ère kọkànlélógójì jẹ́ ère ìbejì, ti Táyé, ọmọ Ìyá Kẹ́hìndé. Mo jókòó tì í láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ń wò ó. Ìwọ náà mọ̀ pé Táyé kò jọ ère ìbejì ilé. Nígbà tí wọ́n lé ìyá rẹ kúrò ní Kumasi ní ọdún 1969 pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì lẹ́yìn àti láyà, tí Táyé sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dé ibí, ta ló máa gbẹ́ ère fún wọn? Agbẹ́gilére kan, ọmọ Baulé tó ni ìlú yìí, ni wọ́n bẹ̀. Ọkùnrin náà kò rí ère ìbejì rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ ṣàlàyé, ó gbọ́ díẹ̀, ó gbẹ́ èyí tó mọ̀ ọ́n gbẹ́: ọrùn tó le kókó, ọwọ́ méjì lórí ikùn, irun tí wọ́n dì bíi ti ìjòyè wọn. Pélé tí ìyá rẹ ní kó fi sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni tiwa lára rẹ̀. Ní ọdún 2005 tí mò ń sọ yìí, pélé náà ti parẹ́ pátápátá.

Ni mo bá fa ojú ewé yẹn ya. Mo kọ òmíràn, pé blolo bian ni, ìyẹn ère ọkọ tí àwọn Baulé gbà pé obìnrin fi sílẹ̀ lọ́run kó tó wá sáyé. Kó lè dà bí òtítọ́, mo fi kún un pé ìdílé kan láti Béoumi tó sá fún ogun ló fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa. O máa bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ Béoumi. Ẹja Béoumi ni mò ń sè lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni. Ìdí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá Ràhmán gbé Táyé sọ́wọ́, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n bi mí pé kí ni èyí. Mo wo ojú ọkọ mi, mo ní ti àwọn Baulé ni. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò rí nǹkan kan tó lòdì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tilẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Ọdún yìí ni ẹgbẹ́ pé ọdún márùndínlógójì. Túnmiṣe, ọmọ ọmọ Bàbá Hàmídù, ya fọ́tò gbogbo ère wa, ó gbé wọn sórí Facebook, ó sì da ohun tó wà nínú ìwé kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo yìn ín jù, mo se ìrẹsì fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kuamé, olùkọ́ ní Béoumi, dúró níwájú ìsọ̀ aṣọ mi pẹ̀lú fọ́tò Táyé lórí fóònù rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Tàntí, páádọ̀n, ọkọ ìyá ìyá mi àgbà ni ẹ ní lọ́wọ́ yìí. A ti ń wá a láti ọdún 2002.”

Ìyá rẹ̀ àgbà, Akísí ni orúkọ wọn, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nígbà ogun, wọ́n sá kúrò nílé, nígbà tí wọ́n padà, ilé ti ṣófo, ère ọkọ ọ̀run ìyá wọn sì ti lọ. Wọ́n fẹ́ rí i kí wọ́n tó kú. Oníjìbìtì kọ́ ni wọ́n, Ìyá Aaliyah. Ìbá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní oníjìbìtì ni wọ́n. Mo jókòó ti ẹja lọ́jọ́sí, mo hùmọ̀ ìdílé kan, ìdílé náà sì ti wà láti ọjọ́ yìí, wọ́n ń sunkún.

Mo sọ fún Kuamé pé kó fún wa láàyè. Ṣùgbọ́n Sàkàrìyáù tó jẹ́ ààrẹ wa báyìí kò ní sùúrù, ó sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹgbẹ́ pé ìwé ni ìwé, Béoumi ló wà níbẹ̀, kí a gbé igi onígi fún un kí wọ́n má baà pè wá lólè. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ síwájú. Kó tó di ọ̀la, ó ti dé Béoumi, àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ sì mú ọ̀rọ̀ “olè” nìkan nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn Anago ń kó ère ìlú lọ tà fún àwọn òyìnbó. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ìsọ̀ kọjá láìkí mi. Obìnrin Dioula tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí a ti jọ wà fún ogún ọdún, bi mí bóyá òótọ́ ni. Kuamé tún pè, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní àwọn máa wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn máa gbé ère náà lọ, bí a kò bá gbà, kọmisáríà àwọn ọlọ́pàá ló kàn.

Mo ti pinnu pé mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́, nítorí náà jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú. Mo rò ó pé kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Mo ní igi ni, ta ló máa mọ̀? O wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, o kò béèrè rẹ̀ rí láti ọdún 2002, màá ní ó sọnù nínú ogun. Ìyá àgbà kan á rí ìfọ̀kànbalẹ̀ kó tó kú, orúkọ ọkọ mi kò ní bàjẹ́, èmi náà á sì sinmi. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi gbà pẹ̀lú ara mi.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí àárọ̀ ilé yín. Mo máa ń yà pè ọ́ fún ilé ìwé, ìyá rẹ á ti gbé abọ́ omi sí ẹnu ọ̀nà. Wọn a kọ́kọ́ bọ́ ọ lójú, nítorí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, wọn a wá bọ́ Táyé lójú nínú omi kan náà, wọn a fi osùn ra á lára. Obìnrin tí kì í pa wákàtí ìrun kan jẹ ni. Kò bọ ọ́, kò pa ẹyẹlé fún un, ó kàn ń bọ́ ọ lójú ni. Lọ́jọ́ kan mo rẹ́rìn-ín, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n bọ́ èmi náà lójú, wọ́n ní ó dàbí pé tèmi kò mọ́ tó. Ṣé o rántí? Èmi rántí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún Bàbá Ràhmán. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́.

Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni o wò lójú tí o purọ́ fún?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni.”

Wọ́n ṣan ọwọ́ wọn. Wọ́n wá ní, “Bí o bá sọ ọ́ ní gbangba, orúkọ mi tó wà nínú ìwé yẹn ló máa wó. Bí o kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa lọ. Èwo nínú rẹ̀ lo fẹ́ kí n ní kí o ṣe?” Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí mọ́sáláṣí. Oúnjẹ yẹn wà níbẹ̀ títí tí ó fi tutù.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àgbàlá Sàkàrìyáù kún. Àwa mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́, Bàbá Ràhmán àti àgbà mìíràn láti mọ́sáláṣí, Kuamé àti ọkùnrin méjì láti Béoumi, àti Ìyá àgbà Akísí lórí àga oníke, ọ̀pá wọn láàárín orúnkún. Àpótí ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ láàárín wa. Sàkàrìyáù ka ìwé náà sókè, ọwọ́ ìkọ̀wé èmi fúnra mi. Ó fẹ́ gbé ère jáde nígbà tí mo dìde.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Faransé kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò gbọ́. Sàkàrìyáù ní, “Ìyá Ràhmán, ẹ jókòó, ẹ má kó bá wa.” Mi ò jókòó. Àgbà mọ́sáláṣí kejì yíjú sí Bàbá Ràhmán, ó ń wò wọ́n, Bàbá Ràhmán sì ń wo ilẹ̀. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún.

Kuamé bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó ní lánàá ère yìí jẹ́ ti Baulé, lónìí tí àwọn dé ó di ti Anago. Ó ní ẹni tó gbà pé òun purọ́ nínú ìwé, kí ló fi hàn pé kò purọ́ lẹ́nu? Ó ní kí n fi àmì kan hàn wọ́n, àmì kan péré. Mi ò ní àmì kankan. Mo ní pélé wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti parẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin Béoumi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára, ó sì mú fóònù jáde láti pe kọmisáríà.

Ìyá àgbà Akísí ló fi ọ̀pá gbá a lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ère náà fún àwọn. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n ń fi ọwọ́ wò ó. Ọwọ́ wọn kan irun rẹ̀, wọ́n mi orí bí ẹni pé ó tọ́. Ó kan ọrùn, ó kan ikùn. Nígbà tí àtàǹpàkò wọn dé ojú rẹ̀, ó dúró. Wọ́n ń wá imú. Kò sí imú, kò sí ètè, ojú rẹ̀ ti dán bí òkúta inú odò. Wọ́n bi mí ní Baulé, Kuamé sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìkanra, pé ta ló ha ojú rẹ̀ dànù báyìí?

Mo ní wọn kò ha á, ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ lójú láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Wọ́n ní báwo? Mo súnmọ́ wọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe é bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe é, láti iwájú orí sí àgbọ̀n, kí àtàǹpàkò wá nu igun ojú méjèèjì. Wọ́n bi mí pé kí ni ìyá náà máa ń sọ bó bá ń ṣe é? Mi ò mọ̀ pé mo ṣì rántí. Mo ní ìyá náà á ní, “Dìde, ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ ìyá rẹ ń lọ sí ilé ìwé.”

Kuamé túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà tún fi àtàǹpàkò wo ojú ère náà. Mo ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń gún nǹkan nílé kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn wọn kéré. Kuamé kò túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, kó tó wolẹ̀, kó tó ní, “Wọ́n ní ọkọ ìyá àwọn ni àwọn wá gbé. Wọ́n ní nílé àwọn, wọn a máa fún ọkọ ní oúnjẹ, wọn a máa bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jí ọkọ fún ilé ìwé. Wọ́n ní ọmọ nìyí.”

Ìyá àgbà na ère náà sí mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní, “Yakó.” Ìwọ tí o dàgbà níbí, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé yakó fún ọ. Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá rẹ ni wọ́n ń bá kẹ́dùn, Ìyá Aaliyah, fún ọmọ tó kú ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú àwa Anago kí wọn báyẹn rí, a kàn ń ní kí wọ́n máa dúpẹ́ pé Kẹ́hìndé kù. Mo sunkún níbẹ̀, kò tì mí lójú.

Kò parí sí ayọ̀ o. Àgbà mọ́sáláṣí kejì ní níwọ̀n bó ti jẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ ọdún 2005 ṣì dúró, iná ni. Bàbá Ràhmán ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn ló fọwọ́ sí ìwé irọ́, àwọn sì máa jẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni tí wọ́n gbẹ́ yìí wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sẹ́ni tó máa dáná sun ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níkẹyìn, gbogbo wa gbà pé kí ère náà kúrò ní Bouaké kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹgbẹ́ gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi, Túnmiṣe ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ìwé fún un, wọ́n ní kí n tún ojú ewé yẹn kọ lójú gbogbo ènìyàn. Mo kọ ọ́: “Ère kọkànlélógójì. Táyé, ọmọ Ìyá Kẹ́hìndé. Ó ti lọ sílé.” Ọkọ ìyá Ìyá àgbà Akísí kò tíì di rírí. Mo ti ṣèlérí pé màá lọ sí Béoumi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti gbọ́ bí ó ṣe rí lẹ́nu wọn, kí Túnmiṣe lè máa bá wọn wá a.

Bàbá Ràhmán kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ju “jí sí ìrun” àti “ó ti tó” lọ. Mo gbà, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lánàá tí mò ń wá ohun tí màá fi dì í, wọ́n wọlé, wọ́n gbé láwàní wọn funfun tí wọ́n fi bọ̀ láti Mẹ́kà sórí àga, wọ́n ní, “Fi èyí wé e.” Wọ́n sì jáde.

Bá mi kí Aaliyah àti ọkọ rẹ̀. Bá mi gbé ìkókó sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí o ní ìyá rẹ̀ àgbà ti Bouaké ló ní kí o gbé e. Kí gbogbo àwọn tó bá béèrè mi, sọ fún wọn pé mo wà láàyè, mi ò sì sí nípò kankan mọ́. Ohun tí o bá fẹ́ fi Táyé ṣe, ọwọ́ rẹ ló wà, mi ò ní béèrè.

Láàárọ̀ yìí kí n tó wé e, mo bu omi sí abọ́, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà, mo bọ́ ọ lójú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ìyá rẹ ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi osùn kàn án. Omi náà ṣì pọ́n.

Ó yá, o lè tú u báyìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìyá rẹ bọ́ lójú,

Jùmọ̀kẹ́ (Ìyá Ràhmán).